Ìwọ́ Sùmáyà

Egbò kan wà lẹ́sẹ̀ Àlàmínì, ọmọ Ràhámọ̀tù, tí kò jiná láti oṣù mẹ́ta. Kò wú, kò sì ní ọyún. Ó kàn lanu sílẹ̀, ó pọ́n, ó sì mọ́ bí ẹran tí alápatà ṣẹ̀ṣẹ̀ gé. Àwọn ará ilé ní Dar es Salam, àdúgbò tí wọ́n ń gbé nílẹ̀ àwọn elédè Faransé, a wò ó, wọn a ní, "Ó mà mọ́ o, yóò jiná láìpẹ́." Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe sọ nípa egbò Kàfáyá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, títí wọ́n fi sin ín.

Dókítà Abdoulaye ló tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀ fún wọn. Faransé ló ń sọ, Mísbáù, ọkọ Ràhámọ̀tù, sì ń túmọ̀ rẹ̀. Ó ní àìsàn náà bá ẹ̀jẹ̀ wá ni, ìdajì lọ́dọ̀ bàbá, ìdajì lọ́dọ̀ ìyá. Ọmọ ẹ̀gbọ́n òun àbúrò sì ni tọkọtaya náà. Ó ní àwọn ọmọ ogun tó ń bá àìsàn jà kún inú ẹ̀jẹ̀ Àlàmínì, ṣùgbọ́n wọn kò mọ̀nà jáde lọ sójú egbò. Ìdí nìyẹn tí egbò rẹ̀ kò fi ní ọyún. Ìdí nìyẹn náà tí ìwọ́ rẹ̀ kò fi já títí ó fi pé ọjọ́ mọ́kànlélọ́gbọ̀n, tí ti Kàfáyá náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó oṣù kan.

"Mùdùnmúdùn inú eegun ọmọ ìyá rẹ̀ tí ara rẹ̀ le ló lè gbà á," ni dókítà wí, ó sì wo ikùn Ràhámọ̀tù tó ti yọ. "Tí ẹ bá bí eléyìí, ẹ máa ṣọ́ ìwọ́ rẹ̀. Tó bá já kí ọjọ́ mẹ́rìnlá tó pé, àmì pé ara rẹ̀ le nìyẹn, ẹ pè mí. Mo máa fi ẹ̀jẹ̀ àwọn méjèèjì ránṣẹ́ sí Tunis fún àyẹ̀wò bóyá wọ́n bára mu."

"Tí kò bá já ńkọ́?" ni Mísbáù béèrè.

Dókítà dé bírò rẹ̀. "A ó máa tọ́jú wọn."

Ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n bí Sùmáyà. Ìyá Mísbáù ti dé láti Ògbómọ̀ṣọ́ láti wá wẹ ọmọ. Lọ́jọ́ náà gan-an ni Ràhámọ̀tù sọ fún un.

"Màmá, tí ìwọ́ yìí bá lè já kó tó pé ọ̀sẹ̀ méjì, Àlàmínì á yè. Dókítà ló sọ bẹ́ẹ̀."

Màmá wo Àlàmínì tó dùbúlẹ̀ lórí ẹní. Òun ló sọ ọmọ náà lórúkọ bàbá tirẹ̀. "Ìwọ́ lásán yìí?"

"Òun ni, Màmá."

"Yóò já. Ọlọ́run ò ní dójú tì wá."

Wọ́n sọmọ lórúkọ, ìwọ́ kò já. Ọjọ́ kẹsàn-án kọjá, ọjọ́ kẹwàá kọjá. Ràhámọ̀tù a ṣí aṣọ, a fi ìka kàn án, a tún bò ó. Ó ti gbẹ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ le koko. Erìgì Àlàmínì ń ṣẹ̀jẹ̀, ibà sì tún ti dé. Lọ́jọ́ kejìlá, ọmọ náà bi ìyá rẹ̀ bóyá ibi tí Kàfáyá wà tutù. Ràhámọ̀tù jáde lọ sẹ́yìn ilé, ó sunkún.

Nígbà tó wọlé padà, Màmá ń wá òwú dúdú. Ó ní ìṣẹ́tí ìró òun ti tú. Ràhámọ̀tù fún un, ó sì lọ gbé omi ìwẹ̀ ọmọ kaná.

Lọ́jọ́ kẹtàlá, Màmá wẹ ọmọ, ó ti ilẹ̀kùn nítorí atẹ́gùn. Ọmọ náà ké ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ìgbà tí ilẹ̀kùn ṣí, Màmá gbé e jáde pẹ̀lú omijé lójú.

"Ó ti já o! Ràhámọ̀tù, ó ti já!"

Ràhámọ̀tù kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lójú kan náà. Mísbáù pe dókítà láti ọjà. "Très bien!" ni dókítà ń pariwo lórí fóònù, pé ó dára gan-an, ó ní kí wọ́n kó ọmọ méjèèjì wá lọ́jọ́ Àtìnì. Àwọn ará ilé wá ń bá wọn yọ̀. Wọ́n ṣí aṣọ ọmọ, wọ́n wo ìdodo rẹ̀ tó pọ́n, tí kò ní ọyún kankan.

"Ó mà mọ́ o," ni wọ́n wí.

Ní àárọ̀ Àtìnì, Mísbáù gbé Àlàmínì, ó lọ dúró de takisí níwájú ilé. Ara ọmọ náà gbóná, síbẹ̀ ó ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ti sọ fún un pé àbúrò rẹ̀ yóò wò ó sàn. Màmá ń di ẹrù rẹ̀. Ó fẹ́ gbé ìwọ́ náà lọ sin sí àgbàlá wọn ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ràhámọ̀tù tọrọ áńkáṣíìfù tó fi dì í, ó ní òun fẹ́ fojú kan ohun tó gba ọmọ òun là. Ó tú u. Òwú dúdú wé mọ́ ìdí ìwọ́ náà yíká-yíká, wọ́n ta á ní kókó.

"Màmá, kí ni òwú ń ṣe níbí?"

"Ṣebí ìwọ lo ní kó já kó tó pé ọ̀sẹ̀ méjì kí Àlàmínì lè yè," ni Màmá dá a lóhùn, "nígbà tí mo rí i pé kò ní já fúnra rẹ̀, mo fi òwú so ó títí ilẹ̀ fi mọ́, mo sì já a."