Kọ́kọ́rọ́ Láoyè

Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa wá ibi tí nǹkan ti lè bàjẹ́. Láti ọ́fíìsì wa n'Íbàdàn, mo máa ń pàṣẹ fún àwọn kọ̀ǹpútà tó wà lókè òkun. Wọn kì í jábọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Wọ́n á ní, "A ti gbà á," wàá sì dúró. Tí mo bá mọ̀ọ́mọ̀ pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà tí kò sí, "Kò sí" ló yẹ kó jẹ́ àbọ̀.

Orúkọ àwọn tó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ la fi ń pe àwọn tí kò sí yìí. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, nígbà tó ku èmi nìkan, mo kọ orúkọ Láoyè, mo sì pa àṣẹ tá a fi ń tan kọ̀ǹpútà: "Jí." Kò tiẹ̀ wá sí mi lọ́kàn pé ikú ló mú Láoyè kúrò lẹ́nu iṣẹ́ tiẹ̀.

"A ti gbà á."

Mo dúró.

"Ó ń lọ lọ́wọ́."

Mo sáré fagi lé e. "Kò ṣeé fagi lé mọ́."

Mo pe ọ̀gá wa, Ẹ̀gbọ́n Gbádébọ̀, lórí fóònù, mo sì ròyìn fún wọn.

"Fi í sílẹ̀," ni wọ́n wí. "Tilẹ̀kùn, kó o máa lọ sílé."

"Mo ti tì í, Ẹ̀gbọ́n. Ẹnì kan ń gun àtẹ̀gùn bọ̀. Ó ń wọ́ ẹsẹ̀ bíi Láoyè."

"Ọdẹ ńkọ́?"

"Ó ti lọ kírun. Ẹ̀gbọ́n, kọ́kọ́rọ́ ọwọ́ Láoyè ńkọ́?"

"A ò rántí gbà á. Inú àpò ṣòkòtò tí wọ́n fi sin ín ló wà."

Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo la ní. Fóònù ṣì wà létí mi nígbà tí kọ̀ǹpútà jábọ̀ pé, "Ó ti jí," tí kọ́kọ́rọ́ sì yí lára ilẹ̀kùn.