Fídíò Mi Gba Gbogbo Àyè

Èmi Ọláòṣebìkan ni mò ń fi ọ̀kadà gbé ayélujára láti ìlú wọ Abà Odò-Ìyeyè, níbi tí nẹ́tíwọ̀kì ò dé. Tí mi ò bá dé, ilẹ̀ ò tíì mọ́ níbẹ̀! Mo da àwọn ojú ìwé àti fídíò tí mo kó sínú àpótí mi sínú ẹ̀rọ abúlé, kálukú sì na fóònù láti gba tiẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Fadérera dúró ti ìyá kan tí ara ọmọ rẹ̀ ń gbóná. "Ojú ìwé oògùn tuntun tí mo ní kó o gbé wá ńkọ́?"

"Háà, mà! Gbogbo ọsibítù ayé ló wà níbẹ̀!"

Ó tẹ fóònù. Èmi ló jáde, tí mò ń jó lórí ọ̀kadà. Ó tẹ òmíràn, èmi náà ni. Ìgbà yẹn ni mo rántí pé ojú ìwé oògùn ni mo pa rẹ́ kí fídíò mi lè ráyè.

Àwọn ará abà kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, àfi ìgbà tí ọmọ náà ké. Nọ́ọ̀sì ní, "Mi ò mọ ìwọ̀n oògùn tí mo máa fún un."

Mo sáré gun ọ̀kadà kí n lè padà lọ gbé ojú ìwé náà wá láti ìlú. Sánmà ṣú, ọ̀kadà mi tó ń fi iná oòrùn ṣiṣẹ́ sì ń wọ́ bí ìgbín. Ìyá ọmọ náà ké tẹ̀ lé mi: "Bọ̀dá, ẹ rọra o, ọ̀nà ò dáa!"

Ká ní ó bú mi ni, ì bá sàn.