Òróró Tí Kò Kọjá Èbúté

Ajá náà tún jókòó síwájú Athol.

Kò gbó, kò sì fa aṣọ rẹ̀. Ó kàn fi ìdí lélẹ̀ lórí pákó èbúté, ó gbé imú sókè, ó ń wo ojú bàbá náà. Ọ̀dọ́mọkùnrin òṣìṣẹ́ tó di okùn rẹ̀ mú mí kanlẹ̀.

"Bàbá, ẹ tún ti dé? Ó yá, ẹ ṣí báàgì."

Athol ṣí i. Ìgò kékeré kan wà láàárín àwọn ibọ̀sẹ̀. Òṣìṣẹ́ náà já ìdérí rẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀, ó mi orí.

"Igbó nìyí o."

"Òróró rẹ̀ ni," Athol wí. "Kì í yí èèyàn lórí. Ìyàwó mi fi ń para ni."

"Bẹ́ẹ̀ lẹ sọ nígbà tó kọjá. Àwọn ọlọ́pàá ló máa yẹ̀ ẹ́ wò."

Wọ́n gba ìgò. Athol wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí erékùṣù lọ́wọ́ òfo, kò sì bínú. Ohun tó ń dun Glenys jù lọ nìyẹn.

Glenys ló ń ṣe òróró náà. Orí òkè lẹ́yìn ìlú Lọ́nsẹ́sítìn ni oko rẹ̀ wà, òdòdó olóòórùn dídùn tí wọ́n ń pè ní lafẹ́ńdà ló sì ń sè tipẹ́ kó tó gba àṣẹ láti máa se òdòdó igbó. Ó ń kó òdòdó náà sínú àgbá irin, oru omi á gba àárín rẹ̀ kọjá, nígbà tí oru bá sì tutù, òróró díẹ̀ á léfòó. Òdòdó tó kún àpò ńlá kì í fún un ju ìgò kékeré kan lọ. Kí ẹ wá wo ẹni tí wọ́n ń gba irú ìgò bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ léraléra.

Verna, ìyàwó Athol, ni làkúrègbé ti ká ní ìka. Ó máa ń sín ìkarahun òkun sí ẹ̀gbà ọrùn tẹ́lẹ̀, bí ìyá rẹ̀ ti ṣe. Ní báyìí kò lè di abẹ́rẹ́ mú. Ọ̀rá ẹyẹ òkun tí àwọn ará erékùṣù fi ń pa oríkèé kò ràn án. Dókítà ní ẹ̀rí pé òróró igbó ń ṣiṣẹ́ kò tíì tó, ṣùgbọ́n kò ní kó má fi para. Ìgò àkọ́kọ́ dé ọwọ́ rẹ̀, ó fi pa ìka, ó sì sùn mọ́jú. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n gbé ajá wá sí èbúté. Èso àti yẹ̀pẹ̀ ni wọ́n ní kó máa wá, kí kòkòrò má bàa wọ erékùṣù; bó bá sì gbóòórùn nǹkan lára èèyàn, á jókòó síwájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ewéko náà ni igbó, gbogbo èèyàn ló sì gbà pé òórùn rẹ̀ ló ń mú ajá jókòó. Kò sí ìgò tó tún kọjá.

"Ajá olóríburúkú!" Glenys pariwo nígbà tí Athol padà wá. "Ọ́ńkù Athol, àbí ẹ fi òróró yìí wẹ̀ kẹ́ ẹ tó lọ ni?"

"Rárá o."

"Ẹ fọ aṣọ òtútù yìí nígbà náà. Ó ń rùn. Aṣọ obìnrin sì ni, apá ẹ̀ ò dé ọrùn ọwọ́ yín."

"Ti Verna ni. Ó ní kí n máa wọ̀ ọ́, kí n má sì fọ̀ ọ́."

Glenys pòṣé. Ó fi ìda dí ẹnu ìgò, ó sì fi ìgò sínú ìgò. Ajá jókòó. Ó rì í sínú agolo ọ̀rá ẹyẹ òkun, èyí tí òórùn rẹ̀ lè lé àlejò kúrò nílé. Ajá jókòó. Òṣìṣẹ́ ń fi ọwọ́ wá inú ọ̀rá, ó ń kùn, Athol sì na áńkáṣíìfù sí i.

Èsì àyẹ̀wò dé: kò sí ohunkóhun tó ń yí orí nínú òróró náà. Glenys ní kí wọ́n dá a padà. Wọ́n ní ó ti tán sídìí àyẹ̀wò.

"Ẹ wọ bàálù," Glenys wí. "Kò sí ajá kankan níbẹ̀. Kí ló dé tẹ́ ẹ ò gbọ́?"

"Verna ní ojú omi ni kí n máa gbà."

"Àǹtí Verna tí kò rí oorun sùn?"

"Òun náà ni."

"Wọn ò sì bínú?"

"Ó máa ń bi mí bó ṣe rí ni. Mo máa ń sọ fún un."

"Ẹ má bínú o, Ọ́ńkù, ṣùgbọ́n ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ máa pa mí!" Glenys ju ìbọ̀wọ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ti sú u. "Èmi fúnra mi ni n ó gbé e lọ. Kí ẹranko yẹn wá jókòó síwájú mi, kí n rí i."

Ó gbé e lọ lóòótọ́. Kò fi ìda dí i. Ó ki ìgò bọ àpò ẹ̀wù, òórùn igbó sì ń yọ débi pé obìnrin tó wà níwájú rẹ̀ lórí ìlà yíjú padà. Ajá náà gbóòórùn bàtà rẹ̀, ó gbóòórùn àpò rẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Glenys wọ ọkọ̀ tán kó tó bojú wẹ̀yìn. Athol ń bọ̀ nínú aṣọ òtútù Verna, kò gbé ìgò kankan. Ajá jókòó síwájú rẹ̀. Òṣìṣẹ́ da báàgì rẹ̀ sílẹ̀: búrẹ́dì àti ibọ̀sẹ̀. Ó gbọn báàgì náà títí, kò rí nǹkan kan. Athol fi ọwọ́ kan orí ajá fẹ́rẹ́, ohun tí wọ́n kọ sára ògiri pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ṣe, ó sì kó ẹrù rẹ̀.

Glenys jókòó jìnnà sí i lójú omi. Inú ń bí i, kò sì mọ ẹni tó ń bínú sí.

Verna jókòó ti ààrò, ọwọ́ rẹ̀ ká jọ lórí itan. Ó ti pẹ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ti gbé e dé èbúté mọ́. Glenys kúnlẹ̀, ó kán òróró sí ìka rẹ̀, ó rọra fi pa á.

"O ṣeun, ọmọ mi," Verna wí. "Ó tù mí."

Ṣùgbọ́n ọkọ rẹ̀ ló ń wò.

"Ṣé ó jókòó?"

"Ó jókòó."

"Láìsí òróró?"

"Láìsí òróró."

Verna bú sẹ́rìn-ín, omi sì bọ́ lójú rẹ̀.

Glenys gbójú sókè láti béèrè ohun tó ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín, ó sì rí fọ́tò tó wà lókè ààrò: Verna ni, ìka rẹ̀ ṣì gún, ó fi aṣọ òtútù tí Athol wọ̀ yẹn wé ajá èbúté náà nígbà tó ṣì wà lọ́mọ, èyí tí ìjọba gbé fún un pé kó bá wọn tọ́ nínú ilé ìdáná yìí, kó kọ́ ọ ní ìjókòó, kó sì dá a padà nígbà tó bá tó iṣẹ́ ṣe.