Àpò Iyọ̀ Gyaltsen àti Ọ̀dùnkún Mọ́kànlá

Ẹ fara balẹ̀ ka ìtàn yìí títí dé ìsàlẹ̀ kẹ́ ẹ tó bu iyọ̀ sí oúnjẹ yín. Bí ọ̀dùnkún bá ti wà lórí iná, ẹ tètè kà á.

1.
Ní abúlé wa ní Khumbu, láàárín àwọn òkè gíga, ọ̀dùnkún la fi ń jí, òun la fi ń sùn. A ó sè é tèèpotèèpo, a ó dà á sórí àtẹ, kálukú á máa bó tirẹ̀, á máa tì í bọ inú ata. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n bó bíi Gyaltsen. Bó ti wù kó gbóná tó, ọwọ́ ọ̀tún nìkan ló fi ń bó o, èèpo á sì jáde lódidi bí ìgbà téèyàn bọ́ ìbọ̀sẹ̀ lẹ́sẹ̀ ọmọ.

Bàbá bàbá rẹ̀ ló ń kó iyọ̀ sọdá òkè láti Tibet láyé àtijọ́. Àpò awọ bàbá náà ṣì wà ní ìbàdí Gyaltsen, iyọ̀ kún inú rẹ̀. Bó bá lọ jẹun nílé onílé, á tọ́ ata wọn wò, á mi orí bí ẹni tó ń bá wọn kẹ́dùn, á wá tú àpò. Lẹ́yìn ìyẹn ni á gbé bọ́tà lé e, èyí tó tóbi tó ọ̀dùnkún fúnra rẹ̀.

Yangji, ọmọ àbúrò rẹ̀, ni nọ́ọ̀sì wa. Ó wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó tún un wọ̀n.

"Bàbá, ẹ̀jẹ̀ yín ń ru gan-an. Ẹ máa lo oògùn yìí, kẹ́ ẹ sì dín iyọ̀ àti bọ́tà kù. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, apá kan ara yín lè kọṣẹ́ lọ́jọ́ kan."

"Apá wo?"

"Kì í sọ tẹ́lẹ̀, Bàbá."

"Iyọ̀ tó kọ́ ilé tí wọ́n bí bàbá ẹ sí ló fẹ́ pa mí? Máa lọ, ọmọ mi. O ti kàwé jù."

2.
Phuti ìyàwó rẹ̀ kò bá a jiyàn. Ó lọ ata gbígbẹ pẹ̀lú aáyù, ó sun tòmátò méjì mọ́ ọn, ó po wàrà kíkan sí i, ó rẹ́ ewé àlùbọ́sà lé e lórí. Iyọ̀ ibẹ̀ kò ju èyí tí ìka méjì lè mú. Ọjọ́ mẹ́rin ni Gyaltsen fi jẹ ẹ́, ó ń lá ìka, kò tiẹ̀ rántí àpò.

Lọ́jọ́ karùn-ún, Mingmar, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, yà wá. Ó tọ́ ata náà wò.

"Ìyàwó wa, ṣé iyọ̀ ti tán nílé yìí ni? Kí n lọ bù díẹ̀ wá? Ẹ má tijú o, nǹkan le fún gbogbo èèyàn."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ojú Gyaltsen yí padà.

"Ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́," Phuti bẹ̀ ẹ́, "eré ló ń ṣe."

"Nílé ta ni iyọ̀ ti tán?"

Ó tú àpò. Ọ̀dùnkún mọ́kànlá ló jẹ, àwa tá a wà níbẹ̀ la kà á. Iyọ̀ bò wọ́n bí yìnyín ṣe bo orí òkè, bọ́tà ń ṣàn dé ìgbúnwọ́ rẹ̀. Mingmar ń pàtẹ́wọ́. Láti ọjọ́ náà, bó ṣe ń jẹun nìyẹn fún oṣù kan gbáko. Oògùn Yangji wà lórí pẹpẹ, ó ń bá wọn ṣọ́lé.

3.
Lọ́jọ́ tá à ń gbẹ́ kòtò tá a máa bo ọ̀dùnkún sí de ìgbà òtútù, ọkọ́ bọ́ lọ́wọ́ Gyaltsen. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti mú un, ọwọ́ ọ̀tún kò tẹ̀ lé e. Ó wo ọwọ́ náà bí ẹni ń wo ọmọ tí a pè tí kò dáhùn. Ó fẹ́ pe Phuti, ohun tó jáde kì í ṣe Phuti. Ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Phuti figbe ta. Mingmar da ọ̀dùnkún inú apẹ̀rẹ̀ nù, ó gbé ọ̀rẹ́ rẹ̀ sí i, ó pọ̀n ọ́n sẹ́yìn, ó fi okùn apẹ̀rẹ̀ náà kọ́ iwájú orí ara rẹ̀, ó sáré sọ̀ kalẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Yangji. Ọgbọ̀n ọdún ni Gyaltsen ti fi apẹ̀rẹ̀ yẹn ru ọ̀dùnkún. Ọjọ́ náà ló wọ inú rẹ̀.

Mingmar ń sáré, ó ń sunkún: "Gyaltsen, má kú o! Iyọ̀ pọ̀ nílé ẹ! Mo ti gbà, iyọ̀ pọ̀ nílé ẹ!"

Yangji kò sọ pé "ṣebí mo sọ fún yín". Hẹlikópútà ló pè. Kí oòrùn tó wọ̀, Gyaltsen ti wà ní Kathmandu. Dókítà ní ọpẹ́lọpẹ́ pé wọn ò fàkókò ṣòfò.

4.
Oṣù márùn-ún ni Phuti fi ń bó ọ̀dùnkún sí i lẹ́nu.

Lọ́jọ́ kan tí ilé kún, Gyaltsen na ọwọ́ ọ̀tún sí àtẹ. Ó mú ẹyọ kan. Ó bó o títí tíì wa fi tutù. Ọ̀nà mẹ́rìnlá ni èèpo náà já sí. Phuti kọjú síná, ó ń nu ojú, ó ní èéfín ni. Gyaltsen ti ọ̀dùnkún náà bọ ata Phuti, ó jẹ ẹ́ tán.

"Ẹ ṣé," ó wí. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Phuti, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Yangji, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀yìn Mingmar. Ó wá yíjú sí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ó ní, "Ìwọ náà, o ṣé."

Mingmar kò lè pa á mọ́ra. "Ata yìí dùn o. Àmọ́ ó ku nǹkan díẹ̀."

Gyaltsen tú àpò awọ, ó nà án sí i. "Bu èyí tó bá wù ẹ́."

Mingmar kò tiẹ̀ wò ó, ó ti mọ àpò náà láti kékeré. Ó bù ú bo ọ̀dùnkún, ó sọ ọ́ sẹ́nu. Timur ni Phuti ti lọ̀ kún inú àpò náà dípò iyọ̀, ata igbó wa tó máa ń mú kí ahọ́n kú. Ẹnu Mingmar kọ̀ láti padé, itọ́ ń já bọ́.

"Gya... Gya..."

"Bó ṣe ń rí nìyẹn," Gyaltsen wí jẹ́jẹ́. "Tìẹ á padà kó o tó mu tíì ẹ tán. Tèmi gba oṣù márùn-ún."

A rẹ́rìn-ín títí. Mingmar náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ahọ́n rẹ̀ jí, ohun tó kọ́kọ́ sọ ni, "Ìyàwó wa, ẹ fún mi ní ata yín yẹn sí i."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kà á débí, ìkìlọ̀ mi rèé. Ọ̀dùnkún ò ṣẹ̀ yín o. Ohun tẹ́ ẹ̀ ń dà lé e lórí ni kẹ́ ẹ ṣọ́. Aáyù wà, ata wà, tòmátò wà, ewé àlùbọ́sà àti wàrà kíkan wà. Ẹ lo oògùn tí wọ́n bá fún yín. Bí àlejò bá ní iyọ̀ ò tó, ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ kó sì padà sílé rẹ̀ láyọ̀. Bí ọwọ́ yín bá ṣì lè bó ọ̀dùnkún lónìí, ẹ dúpẹ́, kẹ́ ẹ wá fi ọwọ́ náà fi ìtàn yìí ránṣẹ́ sí ẹni tẹ́ ẹ mọ̀ pé àpò iyọ̀ ṣì wà ní ìbàdí rẹ̀.