Ogún Péré Ni

"Ogún péré ni o!" Ìyàwó ilé pariwo láti pálọ̀, níbi tó ti ń ka bí díṣì ṣe lágbára tó nínú ọgọ́rùn-ún lójú tẹlifíṣọ̀n.

Lórí òrùlé, onídíṣì tó wá tún díṣì wọn ṣe rọ̀ mọ́ òpó rẹ̀. Nísàlẹ̀, baálé ilé di àkàbà mú, ojú rẹ̀ pọ́n koko.

"Gbájú-ẹ̀! Iṣẹ́ tí o kò mọ̀, kí ló gbé ọ dé orí òrùlé mi? Bí bọ́ọ̀lù bá bẹ̀rẹ̀ tí n kò rí i wò, màá yọ àkàbà yìí, kí o fò wálẹ̀ bí ẹyẹ."

"Ẹ má bínú, ọ̀gá."

Onídíṣì yọjú wo mítà ọwọ́ rẹ̀ tí òun náà fi ń ka agbára díṣì. Ọgọ́rin ni. Ó ti tó ìdajì wákàtí tó ti wà ní ọgọ́rin. Kí ló wá dé tí obìnrin yìí ń purọ́ mọ́ ọn?

Ó la ẹnu láti sọ ọ́, ni ojú rẹ̀ bá já sí ẹ̀yìnkùlé. Ìyàwó ilé ló ń ti báàgì sínú ọkọ̀ kan, ọmọ lẹ́yìn rẹ̀. Ojú rẹ̀ kan wú bọ̀ǹtọ̀. Ó gbójú sókè, ó rí onídíṣì, ó sì fi ìka bo ẹnu.

"Mélòó ni báyìí?" ni ọkọ rẹ̀ bú ramúramù sí pálọ̀. Ó tẹ́tí. "Ṣé o ti ya odi ni?" Ó fi àkàbà sílẹ̀, ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà.

Onídíṣì ki mítà bọ àpò, ó sì gbé ẹsẹ̀ kan lé àkàbà.

"Ogún náà ni, ọ̀gá! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà wá di àkàbà mú. Mo ti ń ṣubú!"