Ìkànnì Tó Ń Dákú

Ìkànnì ilé ìwòsàn tún ti dákú. Onímọ̀ kọ̀ǹpútà mí kanlẹ̀, ó tún fẹ́ to sọ́fúwíà náà pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, lórí kọ̀ǹpútà kan náà tó gbé ìkànnì ró.

"Bí àwọn aláìsàn kò bá rí orúkọ fi sílẹ̀ títí ọ̀sán, iṣẹ́ yìí ti bọ́ lọ́wọ́ wa," ni ọ̀gá rẹ̀ obìnrin wí.

"Ẹ fọkàn balẹ̀, mà. A kì í kọ́ ẹja ní odò wíwẹ̀."

Ẹja náà kò tíì tẹ bọ́tìnnì tí oorun fi gbé e lọ.

Kò pẹ́, ìkànnì jí fúnra rẹ̀, àwọn aláìsàn ń wọlé wìtìwìtì.

Akẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ kọ̀ǹpútà wò. "Mà, títò tó ń tò ó léraléra ló ń gba gbogbo okun ẹ̀. Ìyẹn ló ń mú ìkànnì dákú."

Ọ̀gá bọ́ bàtà gogoro rẹ̀ kó má baà pariwo, ó sì rọra fi kóòtù rẹ̀ bo onímọ̀ léjìká.

"Ẹni bá jí i, èmi àti olúwarẹ̀ ni."