Oleta àti Ẹ̀wà Inú Àjà-ilẹ̀

Obìnrin kan wà ní àfonífojì wa, láàrin àwọn òkè Kentọ́kì ní Amẹ́ríkà, Oleta ni orúkọ rẹ̀. Opó ni, ọwọ́ rẹ̀ dá ṣáṣá lóko, kò sì ya ọ̀lẹ rárá. Àléébù rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé kò fọkàn tán ẹnikẹ́ni. Òótọ́ ni pé ìfura loògùn àgbà, ṣùgbọ́n Oleta ń lo oògùn náà láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́, kò sì lo ìwọ̀n rí.

Lóṣù kẹjọ, elégédé a máa so púpọ̀ lọ́dọ̀ wa débi pé à ń ti ilẹ̀kùn ọkọ̀ wa pa níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, kí aládùúgbò má baà kó tirẹ̀ sínú rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ẹnì kan gbé díẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà Oleta, ó sá lọ. Tó bá ṣe àwa ni, ẹ̀rín la máa rín. Oleta ní tirẹ̀ fi igi tì wọ́n sódò. Ó ní, “Ta ló ń fúnni lóúnjẹ lásán? Ohun kan wà tí wọ́n fẹ́ gbà.”

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ẹ̀wà tútù rẹ̀, irú èyí tí à ń jẹ tòun tèèpo, so ju ti gbogbo wa lọ. Àṣà wa ni pé kí àwọn obìnrin jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ Zelma, aládùúgbò Oleta, kí wọ́n máa ṣẹ́ ẹ̀wà, kí wọ́n máa ṣòfófó, lẹ́yìn náà kí wọ́n rọ ọ́ sínú ìgò, kí wọ́n dé e, kí wọ́n sì se ìgò náà nínú ìkòkò prẹ́ṣọ̀ ńlá tí Zelma ní, tí ooru inú rẹ̀ ju ti omi híhó lọ. Oníkálukú á wá gbé tirẹ̀ lọ sílé de ìgbà òtútù. Ilẹ̀ Zelma àti ti Oleta ló fara kanra, nítorí náà òun fúnra rẹ̀ ló lọ pè é.

“Àǹtí Oleta, ẹ kó ẹ̀wà yín wá o. Ọwọ́ pọ̀ nílẹ̀, kíá la máa ṣe é tán.”

“Kẹ́ ẹ lè rí bó ṣe pọ̀ tó, àbí?”

“Ẹ̀wà náà ni, Àǹtí. Kì í ṣe góòlù.”

“Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n máa ń wí. Màá sè é nílé mi, nínú ìkòkò mi.”

Ojú Zelma yí padà. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀wà ò dà bíi tòmátì o. Tòmátì, ẹ lè fi omi híhó lásán se é. Ti ẹ̀wà, májèlé kan máa ń hù nínú ìgò tẹ́ ẹ bá ti dé e pa, prẹ́ṣọ̀ nìkan lapá rẹ̀ ká a. Òun ló pa àbúrò ìyá mi. Tẹ́ ò bá fẹ́ wá, ẹ sín in sínú òwú, kẹ́ ẹ sá a gbẹ bí àwọn ìyá àgbà ṣe ń ṣe.”

“Kí n sá a síta, kí gbogbo ẹni tó ń kọjá máa kà á? O gbọ́n, Zelma. Ìwọ lo ni prẹ́ṣọ̀, ìwọ náà lo tún ń sọ pé ìkòkò ẹlòmíì ń pààyàn!”

Zelma yí padà sílé. Ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Oleta fa aṣọ fèrèsé rẹ̀ pa, ó fi omi híhó lásán se ìgò ẹ̀wà rẹ̀, ó sì kó wọn sí àjà-ilẹ̀, yàrá abẹ́ ilé tó ń kó oúnjẹ pamọ́ sí. Ó ra àgádágodo fún ilẹ̀kùn rẹ̀. Bíi pé ìyẹn ò tó, ó so òwú tín-ín-rín kan mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn, kí ó lè mọ̀ bí ẹnì kan bá wọlé.

Nígbà tí ewé bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ lórí igi, ó sọ̀kalẹ̀ lọ wò wọ́n. Ìdérí àwọn kan ti wú, omi ń jò lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ọmọ wa tó kéré jù mọ̀ pé irú ìgò bẹ́ẹ̀ ti bàjẹ́, kòtò la ń gbé e lọ sin. Ohun tó jáde lẹ́nu Oleta ni, “Wọ́n ti wá!”

Ó sáré lọ wo òwú rẹ̀. Òwú kò já. Ẹlòmíràn á mí kanlẹ̀, ṣùgbọ́n ìdààmú tirẹ̀ pọ̀ sí i. “Olè yìí mọṣẹ́,” ó wí. “Ó tún òwú mi so!” Ó yọjú lójú fèrèsé, ó rí Zelma níbi tó ti ń sá aṣọ. Zelma juwọ́ sí i. “Ẹ ò rí i? Ó ń kí mi. Ẹ̀rí ọkàn ló ń dà á láàmú.” Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà, ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà ni Oleta ń ṣọ́.

Ó pinnu pé kí olè tó jẹ ẹ́ tán, òun ni òun máa jẹ ẹ́. Kò dáná, nítorí kò fẹ́ kí òórùn ẹ̀wà pe ẹnikẹ́ni wá. Ó ṣí ìgò kan, omi inú rẹ̀ ta sí i lójú. Ó fi apá nu ojú, ó mú fọ́ọ̀kì, ó dúró ti ilẹ̀kùn, ó sì jẹ ẹ́ ní tútù, kò fún ajá rẹ̀ pàápàá. Ìwà ahun yẹn ló gba ajá là.

Lọ́jọ́ kejì, Zelma kò rí i kó jáde bọ́ adìyẹ. Ó bu búrẹ́dì àgbàdo sáwo, ó lọ kanlẹ̀kùn. Ó pẹ́ kí Oleta tó ṣí i. Ìpéǹpéjú rẹ̀ ti wálẹ̀, ahọ́n rẹ̀ wúwo.

“Ta ni ẹnì kejì yẹn?”

“Ẹnì kejì wo, Àǹtí? Èmi nìkan ni.”

“Irọ́ ni. Ẹ̀yin méjì lẹ dúró síbẹ̀. O mú ẹlẹ́rìí wá.”

Àwo bọ́ lọ́wọ́ Zelma. Bí àbúrò ìyá rẹ̀ náà ṣe ń rí èèyàn ní méjì méjì nìyẹn, kí èémí rẹ̀ tó há. “Àǹtí, ṣé ẹ jẹ nínú ẹ̀wà yẹn ni?”

“Ta ló sọ fún ọ?”

Zelma gbé e pọ̀n dénú ọkọ̀, ó sì sáré gbé e dé ọsibítù. Àwọn dókítà ní ìwọ̀nba díẹ̀ ló kù kó pẹ́ jù.

Ẹ̀rọ ló bá Oleta mí fún ìgbà pípẹ́. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tó wọ ìbọ̀wọ́ wá kó gbogbo ìgò rẹ̀ síta lójú wa kí wọ́n tó lọ run wọ́n. Ẹ̀wà tí kò fẹ́ kí a rí, gbogbo wa dúró lójú títì a sì kà á. Nígbà tí Oleta padà wálé, ọwọ́ rẹ̀ kò lè gbé ṣíbí. Zelma ló ń fún un lóúnjẹ. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ó wo ṣíbí, ó wo ojú Zelma, ó tún wo ṣíbí. Nígbà tó yá, ó la ẹnu, omi sì ń dà lójú rẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí púpọ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ Oleta, ẹ fi kọ́gbọ́n. Àṣejù ni baba àṣetẹ́, ìfura pàápàá ní ìwọ̀n. Ẹni tó ka gbogbo ayé sí olè kò ní mọ ẹni tó wá gbà á là nígbà tó bá kanlẹ̀kùn. Nítorí náà, kí ẹ tó fura sí aládùúgbò tó ń juwọ́ sí yín, ẹ kọ́kọ́ fura sí ìgò tí ìdérí rẹ̀ wú.